Kí Ló Dé Tí Àgbẹ̀ Kì Í Tọ́jú Ilẹ̀ Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ọ?

Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ, láti ọwọ́ Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìfowópamọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ onídùúró tó ń sá fún akápò. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ni. Ìdí tí a fi mú un wá ni pé ìwé ẹ̀yáwó tó ń wọ ọ́fíìsì kì í ṣe ti ọjà nìkan mọ́. Àwọn kan nínú wa ń yáwó láti dáko lọ́nà Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Badagry. Àwọn mìíràn ń kówó sílẹ̀ fún àgbẹ̀ lókè kí òjò tó rọ̀, pé bí iṣu tàbí gàrí bá dé, àwọn ni kí ó kọ́kọ́ tà á fún. Owó ẹgbẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá kọ̀ tí kò so, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àgbẹ̀ nìkan.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé kí ni ti oko jẹ́ fún ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí wọ́n rántí ìtàn o. Nígbà tí òwò kò lọ déédéé mọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Èkó kan kọ ẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gba Agége lọ láti gbin kòkó. J. K. Coker, ọ̀kan nínú àwọn àgbà Ìjọ African Church, wà nínú wọn, ní 1907 wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Agege Planters' Union. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó wá láti òkè wá ṣiṣẹ́ lábẹ́ wọn ló kọ́ bí a ti ń gbin kòkó níbẹ̀, tí wọ́n sì gbé ọgbọ́n náà padà sílé. Owó Èkó ti ń wọ inú oko kí a tó bí púpọ̀ nínú wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa ilẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tó rọ̀, tí àgbẹ̀ ń pè ní ilẹ̀dú, kì í nípọn. Bí ẹ bá mú àdá tí ẹ fi wa ilẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi kan ilẹ̀ pupa tàbí òkúta wẹ́wẹ́. Inú ilẹ̀dú yìí ni oúnjẹ ọ̀gbìn wà. Òjò tiwa kì í sì í rọra rọ̀. Bí ẹni ń da garawa ni. Bí ẹ̀kán òjò bá ń lu ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, èyí tó fọ́ náà á dí àwọn ihò kéékèèké tí omi ìbá gbà wọlẹ̀. Omi tí kò rọ́nà wọlẹ̀ á di àgbàrá, àgbàrá á sì wọ́ ilẹ̀dú lọ. Àwa tí à ń gbé etí ọ̀sà mọ ibi tí ó ń lọ. Omi tí odò Ògùn ń tì wọ inú ọ̀sà Èkó nígbà òjò, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, oko àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan ti fi ọdún púpọ̀ wọn nǹkan yìí. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ọ̀mọ̀wé ará Íńdíà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rattan Lal ṣiṣẹ́ láti 1970 títí di 1987. Ó pín ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n tu apá kan, wọ́n fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò. Wọ́n fi koríko gbígbẹ bo apá kan. Wọ́n gbin nǹkan sí apá kan láìtu ilẹ̀ rẹ̀ rárá. Èyí tí wọ́n fi koríko bò, díẹ̀ báyìí ni àgbàrá rí mú níbẹ̀, kódà níbi tó gẹ̀rẹ́ dáadáa. Èyí tó wà ní ìhòòhò ni ilẹ̀ rẹ̀ bá omi lọ. Wọ́n sì tún rí i pé ilẹ̀ tí wọ́n fi katapílà ro pàdánù ilẹ̀dú ju èyí tí wọ́n fi àdá àti àáké ṣán lọ, ìyàtọ̀ náà kò kéré rárá. Ní 2020 ni wọ́n fún Lal ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀.

Kí ẹ̀yin tó ń yáwó láti háyà katapílà jọ̀ọ́ ka gbólóhùn tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́, tó sì ń kánjú, katapílà ló máa ń kọ́kọ́ ronú kàn. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo oko á mọ́ roro, inú onítọ̀hún á dùn. Ẹ lọ wo ibi tí katapílà kó pàǹtírí jọ sí lẹ́bàá oko lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́: ibẹ̀ ni koríko ti ń tutù yọ̀yọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀dú tí ẹ sanwó fún wà. Lójú tèmi, àwa ará ìlú tí à ń fowó dáko ń ba ilẹ̀ jẹ́ ju àgbẹ̀ abúlé lọ.

Nítorí pé àgbẹ̀ abúlé kì í ṣe aláìmọ̀kan bí a ti ń fẹnu sọ. Kò sí ẹni tó máa kọ́ ọ pé ilẹ̀ ń ṣá. Bí ó bá rí i tí èkan bẹ̀rẹ̀ sí í gba oko, ó mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti ń rẹ̀. Ó mọ ilẹ̀ tó yẹ iṣu yàtọ̀ sí èyí tí kò yẹ ju ẹ̀gẹ́ lọ. Àwọn baba wọn kì í gé igi oko tán. Wọ́n ń fi ọ̀pẹ àti igi irú sílẹ̀. Wọ́n ń fi koríko bo orí ebè kí oòrùn má baà jó iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta, wọ́n á fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi, ó lè tó ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó padà síbẹ̀. Ẹ tún wo ẹ̀gúsí. Obìnrin tó gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu àti àgbàdo, bí ẹ bá bi í, á ní nítorí kí koríko má baà hù ni, àti nítorí owó ọbẹ̀. Kò ní sọ pé òun ń dáàbò bo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé ẹ̀gúsí tó nà kálẹ̀ yẹn ni ẹ̀kán òjò ń bá pàdé kí ó tó kan ilẹ̀.

Ohun tó yí padà ni ìsinmi ilẹ̀. Ènìyàn ti pọ̀ sí i, wọ́n ti ń gé ilẹ̀ oko tà ní púlọ́ọ̀tì, ọdún mẹ́wàá ti di ọdún méjì, níbòmíràn kò tilẹ̀ sí ìsinmi kankan mọ́. Ẹ̀gúsí nìkan kò lè gbé ẹrù yẹn.

Àwọn onímọ̀ IITA rí èyí, wọ́n sì wá ọgbọ́n kan. Láti nǹkan bíi 1976 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi ní ìlà-ìlà sínú oko, èyí tí wọ́n lò jù ni Leucaena àti Gliricidia. Wọ́n ń fi àlàfo bíi mítà mẹ́rin sílẹ̀ láàárín ìlà kan àti èkejì, wọ́n á sì gbin àgbàdo sí àlàfo náà. Igi wọ̀nyí lè gba oúnjẹ ilẹ̀ tí à ń pè ní nitrogen láti inú afẹ́fẹ́. Àgbẹ̀ á máa gé ẹ̀ka wọn, á máa tẹ́ ewé rẹ̀ sórí ilẹ̀. Ewé á bo ilẹ̀, á jẹrà, á di ajílẹ̀. Bí igi ń sinmi fún ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oko ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí oko ìwádìí, ó ṣiṣẹ́. Láàárín 1980 sí 1990 wọ́n gbé e tọ àwọn àgbẹ̀ lọ. Àwọn díẹ̀ gbìn ín. Púpọ̀ nínú àwọn díẹ̀ yẹn kò bá a lọ títí.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan sọ nígbà náà pé àgbẹ̀ kò fẹ́ ìlọsíwájú. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí oníṣòwò. Gígé ẹ̀ka igi yẹn, ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ́dún ni, àsìkò tí ó sì bọ́ sí ni àsìkò gbíngbìn àti ríro oko gan-an, nígbà tí ọwọ́ àgbẹ̀ kò sí nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kí ó kọjá ọ̀sẹ̀ díẹ̀, igi á ga, á ṣíji bo àgbàdo, àgbàdo á pọ́n lára. Èrè rẹ̀ kò sì í dé lọ́dún àkọ́kọ́, ó lè di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin. Ta ni nínú wa tó máa ra ọjà tí èrè rẹ̀ á dé lọ́dún kẹrin, tí á sì máa san owó alábàárù lé e lórí lóṣooṣù?

Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ onílẹ̀. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́ àti ewébẹ̀. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi, onílẹ̀ á pè é pé, "Kí lo ní lọ́kàn?" Nílẹ̀ Yorùbá, igi ni ẹ̀rí. Ẹni tí igi rẹ̀ wà lórí ilẹ̀, lọ́jọ́ ẹjọ́, igi náà ni yóò nawọ́ sí. Nítorí náà ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kì í gbà kí àlejò gbin ohun tó ń pẹ́ nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó tó ń ro apá kan nínú ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ kì í kàn dédé gbin igi síbẹ̀. Onímọ̀ wá ní kí wọ́n gbin igi ní ìlà-ìlà! Lójú rẹ̀, oògùn ilẹ̀ ni. Lójú onílẹ̀, ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ ni.

Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, tí wọ́n sì sọ pé kì í ṣe ilẹ̀ rẹ̀ tán pátápátá, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, kò gbà. Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ́nù ní 1920, ní 1921 ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá ẹbí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ láre, pé ilẹ̀ wọn ni, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ bó ti yẹ. Ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ jẹ́ tòun á wọ ọkọ̀ ojú omi nítorí rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n lè lé òun lẹ́yìn ìkórè, kí ló máa mú un tẹ́ ewé sórí ilẹ̀ fún ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn rẹ̀? Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ Gómìnà, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lóko, olórí ẹbí ni à ń gbé ọtí lọ bá síbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká rékọjá Sẹ̀mẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yàtọ̀. Ní ẹkùn Mono, tó súnmọ́ ààlà Togo, ilẹ̀ ti ṣá, èkan sì ti gba oko. Láti bíi 1987 àwọn olùwádìí fi ọ̀nà oríṣiríṣi han àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀: igi ìlà-ìlà bíi ti Ìbàdàn, òtílí, ajílẹ̀ inú àpò, àti ọ̀gbìn kan tí ń nà kálẹ̀ tí à ń pè ní Mucuna. Ọmọ ìyá wèrèpè ni Mucuna yìí o. Ẹ má tíì sá, oríṣi tí wọ́n gbìn kì í yún ni, kò ní irun burúkú yẹn lára èso. Àwọn olùwádìí mú un wá nítorí pé ó ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ. Àwọn àgbẹ̀ wò ó lọ wò ó bọ̀, wọ́n rí ohun mìíràn: ó ń pa èkan.

Ẹni tí kò bá ti fi ọkọ́ bá èkan jà kò lè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ ro ó lónìí, á hù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́, ó máa ń gún iṣu àti ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀. Ẹ̀yin oníṣu á ti rí irú ojú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lára iṣu. Mucuna á ràn bo èkan mọ́lẹ̀, kò ní jẹ́ kí ó rí oòrùn, títí á fi kú. Wọ́n á gbìn ín sáàárín àgbàdo òjò àkọ́kọ́ nígbà tí àgbàdo bá ti lé ní oṣù kan nílẹ̀. Bí wọ́n bá ti kó àgbàdo tán, òun á gba gbogbo oko, á kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ bí ẹní. Ìnáwó rẹ̀ ni pé àgbẹ̀ kò ní rí àgbàdo òjò kejì kó lórí ilẹ̀ yẹn lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n oko tí èkan ti gbà, kí ni wọn ìbá tún kó níbẹ̀? Ní 1988 àwọn tó ń dán an wò kò tó ogún. Nígbà tó fi máa di 1996, wọ́n ti tó nǹkan bí 10,000. Ilẹ̀ tí kò tíì ní èkan, tàbí tí ẹni tó ń ro ó kò lè fi àgbàdo òjò kejì sílẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ọjà nìyí. Èso Mucuna kì í ṣe ẹ̀wà tí à ń sè jẹ lásán. Èròjà kan wà nínú rẹ̀, L-dopa, tó ń da inú rú, tó sì lè da orí rú. Àfi kí a sè é, kí a dà omi rẹ̀ nù, kí a tún un sè. Àwọn tó ń ra èso náà, àwọn ètò tó fẹ́ pín in fún àgbẹ̀ mìíràn ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ríra wọn dínkù, tí èkan sì ti kú lóko, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn wé ẹ̀gúsí. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń fi alùpùpù kiri abúlé láti bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó gbin ẹ̀gúsí, torí pé ẹni tí yóò rà á wà ní Òkè-Àrín, ó wà ní Ẹbùtè Èrò, ó wà ní Mile 12. Ohun tí àwa oníṣòwò bá ń rà ni yóò bo ilẹ̀. Ẹni tó ń kówó fún àgbẹ̀, tó sì sọ pé ẹ̀gẹ́ nìkan lòun ń fẹ́, kò gbọdọ̀ yà á lẹ́nu bí ilẹ̀ àgbẹ̀ náà bá wà ní ìhòòhò láàárín ẹ̀gẹ́ nígbà òjò.

Àwọn kan á ní kí ìjọba fi òfin mú wọn. Wọ́n ti dán an wò lápá ìlà-oòrùn Áfíríkà. Lórí òkè Uluguru ní Tanganyika, ìjọba òyìnbó fi ipá mú àwọn ènìyàn gé ara òkè bí àtẹ̀gùn kí àgbàrá má baà rí ilẹ̀ wọ́. Ìṣẹ́ náà pọ̀, èyí tó sì burú jù ni pé gígé yẹn hú ilẹ̀ tí kò lóúnjẹ jáde láti ìsàlẹ̀, ó bo ilẹ̀dú mọ́lẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò gbọ́. Ní 1955 ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí lọ sí i, ìjọba sì dáwọ́ ètò náà dúró.

Ní Machakos, ní Kenya, ipá náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1938, nígbà tí ìjọba ń fi agbára kó màlúù àwọn Akamba pé wọ́n pọ̀ jù fún ilẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn fẹsẹ̀ rìn dé Nairobi lọ fẹ̀hónú hàn, Muindi Mbingu ni aṣíwájú wọn. Àwọn ènìyàn kan náà yìí ló wá ń gé ilẹ̀ bí àtẹ̀gùn fúnra wọn nígbà tó yá, pàápàá lẹ́yìn òmìnira 1963, láìsí ọlọ́pàá lẹ́yìn wọn. Kí ló yí padà? Kọfí àti èso wọn ti rí ọjà, Nairobi kò jìnnà, ilẹ̀ sì ti jẹ́ tiwọn. Iṣẹ́ náà wúwo fún ẹnì kan, wọ́n wá ń ṣe é lẹ́gbẹẹgbẹ́. Mwethya ni wọ́n ń pè é, àwọn obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀wẹ̀ àti àáró tiwa náà ni. Láti bíi 1930 sí 1990 iye ènìyàn ibẹ̀ ju ìlọ́po márùn-ún lọ, síbẹ̀ àgbàrá ń wọ́ ilẹ̀ wọn kéré sí ti àtijọ́.

Èyí ló mú mi dé orí ìwé ẹ̀yáwó wa. Ẹ̀yáwó tí a ń fún ọmọ ẹgbẹ́, oṣù méjìlá ni a fi ń san án. Fún ẹni tó ń ta aṣọ, oṣù méjìlá tó. Fún ẹni tó ń dáko, oṣù méjìlá ń wí fún un pé kí ó fa gbogbo ohun tó wà nínú ilẹ̀ jáde lọ́dún yìí kí akápò má baà kan ilẹ̀kùn. Kò lè fi apá kan sílẹ̀ kí ó sinmi. Kò lè fi òjò kejì sílẹ̀ fún Mucuna. A á sì tún máa bú u pé kò tọ́jú ilẹ̀. Mo ti kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ pé kí ẹ̀yáwó oko máa gba oṣù mẹ́rìnlélógún, kí sísan rẹ̀ sì bọ́ sí ìgbà ìkórè. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ kò fara mọ́ ọn, wọ́n ní owó á pẹ́ jù níta. Ọ̀rọ̀ wọn náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí owó ìfowópamọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ni. A ó gbé e síwájú ìpàdé gbogboogbò.

Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ yáwó fún oko, ohun tí a ó bi í kì í ṣe iye éékà nìkan. A ó bi í pé ọdún mélòó ni onílẹ̀ fún un, ta ni ó fọwọ́ sí i nínú ẹbí, ṣé olórí ẹbí wà níbẹ̀, ṣé wọ́n sì gbà kí ó gbin igi. Ilẹ̀ ọdún kan-ọdún kan, ẹni tó ń ro ó kò ní tọ́jú rẹ̀, èmi náà kò ní tọ́jú rẹ̀ bó bá jẹ́ èmi. Bí ilẹ̀ bá gẹ̀rẹ́, a ó bi í bóyá poro rẹ̀ dábùú ọ̀nà omi tàbí ó kọjú sí ìsàlẹ̀. Púpọ̀ ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè tètè kúrò nídìí iṣu. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni ìdí, kí ó sọ fún wa, ìdí tó lórí ni, ṣùgbọ́n kí ó fi koríko bo ilẹ̀, kí ó má dáná sun ún. A ó bi í ohun tí yóò gbìn sáàárín. A ó sì bi í bóyá katapílà wà nínú ìṣirò rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kówó fún àgbẹ̀ lókè, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gẹ́, kí ẹ sì dá iye tí ẹ ó rà á lé e kí wọ́n tó gbìn ín. Ẹni tó bá ní ìwé àdéhùn ilẹ̀ lọ́wọ́, kí ó mú ẹ̀dà rẹ̀ kan wá sí ọ́fíìsì kí ìpàdé gbogboogbò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí àdéhùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹnu lásán, kí ó mú ẹnì kan láti inú ẹbí onílẹ̀ dání, a ó bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.